Owó Ṣáájú, Ìwé Tẹ̀ Lé E

Àsansílẹ̀ owó ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni owó tí òǹkàwé ń san kí ìwé tó jáde, kí wọ́n lè máa fi í ránṣẹ́ sí i nílé. Ní ìlú òyìnbó, báńkì ló ń yọ owó yìí, ojú olówó kì í sì í rí i kó tó lọ. Ihò tóóró tó wà lára ilẹ̀kùn ni ìwé ń gbà wọlé. Ní ìlú Ìjàrẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọkọ̀ tó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ ló ń gbé ìwé ìròyìn wá. Fẹ́ńdọ̀ tó ń tà á á ká ti ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì sábẹ́ tábìlì, bàbá á kà á tán, á wá sanwó nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì bá wọlé. Lọ́hùn-ún, owó ló ń ṣáájú ìwé. Nílé, ìwé ló ń ṣáájú, nígbà mìíràn á sì ti di ohun tí wọ́n fi ń we ẹ̀pà kí owó rẹ̀ tó dé.

Kì í ṣe pé owó ìwé ìròyìn ṣàjèjì sí Yorùbá. Nígbà tí míṣọ́nnárì Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, 120 owó ẹyọ ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan. Ohun tó ń ba ará ilé lẹ́rù ni kéèyàn san ti ọdún kan sílẹ̀, ẹ̀rù náà sì nídìí. Ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ Newswatch dé orí tábìlì fẹ́ńdọ̀ ní oṣù Kìíní 1985. Ní oṣù Kẹrin 1987, ìjọba ológun Babangida pàṣẹ kí wọ́n tì í pa fún oṣù mẹ́fà nítorí pé ó gbé àbọ̀ ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ òṣèlú jáde. Ní 1993, ìjọba náà fòfin de ìwé ìròyìn TheNEWS, àwọn tó ni ín sì yára gbé Tempo jáde dípò rẹ̀. Ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀ kò pàdánù ju ìwé ọ̀sẹ̀ kan lọ. Á mú Tempo, á máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó ti sanwó ọdún kan ló ń dúró de ìwé tí sójà ti gbẹ́sẹ̀ lé.

Ní ìlú òyìnbó, sójà kì í gbẹ́sẹ̀ lé ìwé. Ìwé gan-an ló ń gbẹ́sẹ̀ lé ènìyàn. Ọ̀rọ̀ ọmọ Ìjàrẹ́ kan tó ń gbé ní Peckham ní London yóò jẹ́ kó yé ni. Nínú ọkọ̀ ojú irin ló ti rí ìpolówó: ọ̀sẹ̀ 12, pọ́n-ùn 12. Ó rò ó pé pọ́n-ùn kan lọ́sẹ̀, owó gúgúrú ni. Kò ka àwọn lẹ́tà wínníwínní ìsàlẹ̀ tó sọ iye tí báńkì yóò máa yọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejìlá. Àwọn tó kọ wọ́n kéré bẹ́ẹ̀ kò ṣèèṣì.

Nígbà tó di oṣù Keje 2019, ó gba ilé lọ jẹ iṣu tuntun, ó sì lo ọ̀sẹ̀ méje. Aago márùn-ún ìdájí ló padà dé Peckham, báàgì méjì lọ́wọ́, èlùbọ́ nínú ọ̀kan, gààrí nínú èkejì. Kọ́kọ́rọ́ yí, ilẹ̀kùn ṣí ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ó dúró. Ìwé ìròyìn méje ló ti já bọ́ látinú ihò, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá tó ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀, èyí tó nípọn jù sì ti há sábẹ́ ilẹ̀kùn. Ó fi èjìká tì í. Ó fi ìdí tì í. Ó kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ ihò lẹ́tà títí dé ìgunpá kó lè fa ọ̀kan yọ, ọwọ́ náà kò sì jáde mọ́. Níbi tó ti ń jà fitafita ló ti tẹ báàgì mọ́lẹ̀, ọ̀rá èlùbọ́ bẹ́.

Aládùúgbò tan iná, ó yọjú, kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọlọ́pàá méjì dé. Ọmọ Ìjàrẹ́ ní ilé òun ni, ìwé ìròyìn ló ti òun síta. Èlùbọ́ tó dà sí i láyà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tètè yé wọn. Ọ̀kan nínú wọn tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ sì fún. Aládùúgbò yìí ti gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Bó bá jẹ́ Ìjàrẹ́ ni, aládùúgbò ì bá ti kó ìwé méjèèje wọlé, ì bá ti kà wọ́n tán, ì bá sì máa sọ ìròyìn inú wọn fún ẹni tó ni wọ́n kí ẹrù tó kúrò lórí.

Ó pe ilé iṣẹ́ náà ní ọjọ́ kejì kí wọ́n dá owó náà dúró. Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ń kọrin sí i létí, obìnrin kan gbé e, ó bẹ̀ ẹ́ kó sọ ohun tí àwọn fi ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí. Obìnrin ní àwọn á gé owó náà sí ìdajì. Ibi tí ara rẹ̀ ti ta nìyẹn: ọmọ tó ti bá ìyá rẹ̀ ná ọjà ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́ mọ̀ pé bí oníbàárà bá ti yíjú padà ni ọlọ́jà ń sọ òótọ́. Ó tún ṣe bí ẹni ń lọ. Wọ́n fi agboòrùn kan lé e. Ó gbé fóònù sílẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé, “Ṣé wọ́n ti dá a dúró?” Kò dáhùn. Ó ti ná ọdún kan sí i.

Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn náà ni ààrá sán pa màálù 36 ní Ìjàrẹ́, lórí Òkè Ọ̀wá tí kì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni kàn ń gùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló pè é láti sọ fún un. Nígbà tí ìwé ọ̀sẹ̀ yẹn dé, ó tú u láti iwájú dé ẹ̀yìn: Brexit gba ojú ìwé mẹ́ta, Ìjàrẹ́ kò gba ìlà kan. Ó mọ̀ pé kò yẹ kó retí rẹ̀, síbẹ̀ ó tún un tú lẹ́ẹ̀kejì. Níbi tábìlì fẹ́ńdọ̀ ní Àkúrẹ́, níbi tí wọ́n fi òkúta tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ, àwọn tí kò ra nǹkan kan ì bá ti máa jiyàn lé màálù náà láti àárọ̀. Oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ yẹn kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Èrò àwọn òǹkàwé kò ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní àsansílẹ̀ dín owó kù, ó sì ń mú kéèyàn kàwé. Àwọn mìíràn ní òkìtì ìwé tí a kò tíì kà a máa wo ni bí olówó èlé. Àwọn kan kì í kà á rárá. Wọ́n kàn ń tò ó sórí tábìlì kí àlejò lè rí i, ó sì ń bá wọn ṣiṣẹ́ náà dáadáa.

Àwọn aṣòfin náà ti dá sí i. Òfin kan tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 2024 ní kí ilé iṣẹ́ máa rán oníbàárà létí kí owó tó tún lọ, kí ọ̀nà àbájáde sì rọrùn. Ní Amẹ́ríkà, àjọ FTC tó ń dáàbò bo oníbàárà gbé ìlànà lórí ọ̀nà àbájáde tó rọrùn jáde ní oṣù Kẹwàá 2024, àmọ́ kóòtù wọ́gi lé e ní oṣù Keje 2025. Ẹni tí kò bá fẹ́ dúró de aṣòfin lè sọ fún báńkì rẹ̀ pé kó má san án mọ́. Bí ti Peckham ṣe parí nìyẹn, lẹ́yìn tí agboòrùn ti ya.

Ọmọ Ìjàrẹ́ yìí kó àwọn ìwé náà wálé nígbà tó tún ń bọ̀, ó gbé wọn fún ìyá alákàrà ní Ìjàrẹ́. Ìyá fi ọwọ́ pa ojú ìwé kan, ó dá a padà. Ó ní ó ń dán jù, kì í fa epo.