Bọ̀dá Sanwó Lọ Pọnmi

Ẹ bá mi kí Bọ̀dá wa tó ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, kú ìnáwó. N kò ní dárúkọ wọn o, torí àwọn ló ń fowó ránṣẹ́ sílé, ọmọ mi kan ò sì tíì san owó ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti Òmù-Àrán wọ Òsì, tí ẹ ní ilé Kápútẹ́nì lẹ ń lọ, ọmọ tó ń ta ẹ̀pà létí títì á mú yín débẹ̀. Láti oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá ni orúkọ yẹn ti mọ́ wọn lórí, kò sì jọ pé yóò bọ́.

Bọ̀dá gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu iṣẹ́. Àwa rò pé ilé ni wọ́n ń bọ̀. Ìyá wọn tilẹ̀ ti so àkùkọ kan mọ́lẹ̀ dè wọ́n. Ni Bọ̀dá bá ní rárá, ojú omi làwọn ti fẹ́ lọ sinmi, àwọn yóò háyà ọkọ̀, àwọn yóò sì máa sùn sínú rẹ̀. Ìyá tú àkùkọ sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n rò pé ìjọba Òyìnbó ti mú ọmọ àwọn ṣe sójà ojú omi.

Kò burú tó bẹ́ẹ̀. Kánáàlì ni wọ́n ń lọ, odò tí àwọn Òyìnbó fọwọ́ ara wọn gbẹ́ káàkiri ilẹ̀ wọn. Ọkọ̀ tí wọ́n ń wà lórí rẹ̀ gùn gbọọrọ bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ìwé. Ó lè tó ẹsẹ̀ bàtà 70 ní gígùn, ṣùgbọ́n fífẹ̀ rẹ̀ kò pé 7, torí ẹnu ọ̀nà omi tí àwọn baba wọn kọ́ kò gba ohun tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibùsùn, ibi ìdáná, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, gbogbo wọn tò tẹ̀lé ara wọn. Bí Bọ̀dá bá ń lọ síwájú tí ìyàwó wọn ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn rìn padà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ikùn Bọ̀dá, ẹ mọ ẹni tí kò ṣeé ṣe fún láti fẹ̀gbẹ́ kọjá.

Eré rẹ̀ ńkọ́? Òfin ní kò gbọdọ̀ ju máìlì 4 lọ ní wákàtí kan. Nǹkan bí 50 máìlì ni Ìlọrin sí Òmù-Àrán. Ẹni tó bá fi irú ọkọ̀ yẹn lọ, tó jẹ ẹ̀kọ àárọ̀ ní Ìlọrin, iyán alẹ́ ni yóò bá wọn jẹ ní Òmù-Àrán. Bọ̀dá yìí kan náà ló bú awakọ̀ tó gbé wọn wá sí Òsì lọ́dún Àjíǹde kan torí pé ó rọra gba inú kòtò. Wọ́n ní ṣé ó rò pé àwọn ò níṣẹ́ ni. Lójú kánáàlì, ìyá arúgbó kan tó fa ajá dání kọjá wọn, ó kí wọn, ó lọ ra búrẹ́dì, ó ń padà bọ̀, ó tún bá wọn nídìí igi tó ti kí wọn lẹ́ẹ̀kan. Ajá ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀ sí mọ̀ wọ́n.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti eré ló dùn mí. Ṣé ẹ mọ ohun tó lé Bọ̀dá kúrò ní Òsì? Àwọn fúnra wọn ló máa ń ròyìn rẹ̀ bí ẹmu bá ti wọ̀ wọ́n lára: omi pípọn, ṣáláńgá, èéfín igi, àti NEPA. Wọ́n ti búra pé láyé àwọn, àwọn kò tún ní gbé korobá mọ́. Ó dáa. Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n san owó tó lé ní £1,000 fún.

Omi kọ́kọ́. Tánkì wà nínú ọkọ̀, ó sì ń gbẹ. Bó bá ti ń gbẹ, ẹ ó wa ọkọ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ẹ ó tò sẹ́yìn ẹni tó ṣáájú, ẹ ó na rọ́bà, ẹ ó sì dúró tì í títí yóò fi kún. Ní kékeré, Bọ̀dá kì í dúró tò. Wọ́n á gbé korobá kalẹ̀ ní ẹ̀yìn korobá àbúrò wọn, wọ́n á sá lọ gbá bọ́ọ̀lù. Iná wá ńkọ́? Bátìrì ló ń gbé e, ẹ́ńjìnnì ló sì ń fún bátìrì lágbára. Bí ẹ bá sì ti so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ tan ẹ́ńjìnnì láti aago mẹ́jọ alẹ́ títí di mẹ́jọ òwúrọ̀, kí ẹ má baà dí àwọn aládùúgbò lọ́wọ́ oorun. Ẹ̀yin ará ilé, NEPA ló tọ Bọ̀dá lẹ́yìn dé orí omi yẹn. Òtútù sì ń mú, nítorí náà wọ́n á da èédú àti igi sínú sítóòfù lálẹ́, wọ́n á kó eérú dànù láàárọ̀. Ìyá wọn tó ń fi gáàsì dáná ní Òsì rí fótò náà, wọ́n ní kí wọ́n bi Bọ̀dá bóyá kí àwọn fowó ránṣẹ́.

Ó wá ku èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín lóru. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú ọkọ̀ náà ní àpótí kan nísàlẹ̀. Bó bá kún, ẹni tó háyà ọkọ̀ ni yóò fà á yọ, yóò gbé e rìn létí omi dé ibi tí wọ́n ń dà á sí, yóò dà á, yóò ṣan án, yóò gbé e padà wálé. Ẹ̀yin tí ẹ gbé Èkó láyé àtijọ́, ẹ rántí agbépòó. Òru ni agbépòó ń ṣiṣẹ́. Ó máa ń daṣọ bojú, wọ́n ń sanwó fún un, ẹni tó bá sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni yóò da ẹrù sí. Ọ̀sán gangan ni Bọ̀dá gbé tiwọn. Ojú wọn là kedere, wọ́n ń bọ Òyìnbó tó gbé tirẹ̀ bọ̀ lọ́wọ́, wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, àwọn ló sì tún sanwó. Èyí tí n kò lè jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni bóyá wọ́n fọwọ́ kí wọ́n tó bọ Òyìnbó.

Ìgbà ìwọ́wé ni àsìkò yẹn lọ́hùn-ún. Ewé igi á pọ́n, á pupa, á sì já. Bọ̀dá ya fídíò ewé kan ṣoṣo tó ń fẹ̀lẹ̀fẹ̀lẹ̀ bọ̀ wá sójú omi, wọ́n fi dùùrù sí i lábẹ́, wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp. Ìyá wò ó títí ó fi tán, wọ́n ní, “Ṣé kò sẹ́ni tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ni?” Ìyá ríran. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ewé náà lọ wé mọ́ fáànù irin tó ń ti ọkọ̀ lọ lábẹ́ omi, ọkọ̀ dákú. Bọ̀dá dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n ká apá aṣọ sókè dé èjìká, wọ́n ki ọwọ́ bọ inú omi tútù. Wọ́n fa ewé jáde, wọ́n fa ọ̀rá jáde, wọ́n fa ohun kan tó jọ ìbọ̀sẹ̀ jáde. Dùùrù kò sí nínú fídíò yẹn. Ìyàwó wọn, ọmọ Ìlọ́fà, ló yà á. Obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n fóònù rẹ̀ kì í sùn.

Òun náà ló ṣe kọ̀ńdọ́ ní gbogbo ìrìn-àjò yẹn. Bí ilẹ̀ bá ga, odò kò lè gun òkè, nítorí náà wọ́n kọ́ àpótí òkúta ńlá sójú ọ̀nà, ilẹ̀kùn níwájú, ilẹ̀kùn lẹ́yìn. Ọkọ̀ á wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n á fi irin kan yí ohun tó sé omi òkè, omi á rọ́ wọlé, ọkọ̀ á máa ga títí yóò fi bá omi iwájú dọ́gba. Wọ́n á wá fi ìdí ti igi gbọ̀ǹgbọ̀n tó wà lára ilẹ̀kùn kó lè ṣí. Ìdí ni mo wí. Kápútẹ́nì dúró sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n di ọ̀pá tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ mú, wọ́n ń pàṣẹ. Ọmọ Ìlọ́fà ló ń yí irin, òun ló ń fi ìdí ti igi. Lójú kánáàlì tó lọ láti Lọ́ńdọ̀nù sí Birmingham, 137 máìlì, irú àpótí òkúta bẹ́ẹ̀ jẹ́ 166. Àwọn tó ń dá wa dúró láàárín Ìlọrin àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ kò tíì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ń gbìyànjú.

Ẹ má bi mí bóyá Bọ̀dá mọ ọkọ̀ ojú omi í wà. Kwara wa lómi, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn Núpé ni, ní Pàtígí, níbi tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ díje lórí odò Ọya. Orí òkè làwa wà. Lọ́dọ̀ Òyìnbó, wọn kì í béèrè láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹni tó wá háyà. Wọ́n kọ́ ọ díẹ̀, wọ́n fún ọ ní kọ́kọ́rọ́. Ibi tí o bá ti ọ̀pá sí, òdìkejì rẹ̀ ni ọkọ̀ yóò yà sí, Bọ̀dá sì jẹ́ ẹni tí kì í gba ìtọ́ni. Wọ́n kọlu bèbè, wọ́n kọlu afárá, wọ́n kọlu ọkọ̀ ọkùnrin kan tó ń mu tíì. Tíì dà sí i lára, ọkùnrin náà ló tún ní kí Bọ̀dá má bínú.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé afárá Pontcysyllte ní Wales. Ẹ má ní kí n pè é. Thomas Telford àti William Jessop ló kọ́ ọ, wọ́n ṣí i lọ́dún 1805, UNESCO sì ti kà á mọ́ ohun àjogúnbá aráyé láti 2009. Odò ni afárá náà gbé kọjá lórí odò. Ọpọ́n irin kan ni wọ́n pọn omi sí, ẹsẹ̀ bàtà 126 sókè, ó gùn ju 1,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Apá kan ní ibi ìrìn ẹsẹ̀ àti irin ìdìmú. Apá kejì kò ní nǹkan kan, etí ọpọ́n ló wà níbẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ òfuurufú. Bọ̀dá wo apá kejì. Nínú fídíò ìyàwó wọn, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ Sáàmù 121, tí wọ́n gbàgbé rẹ̀ lágbedeméjì, tí wọ́n já sínú 23, tí wọ́n wá ń pe orúkọ bàbá wọn tó ti kú. Ọmọ Ìlọ́fà ní, “Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin làwọn ará ilé ń wò.”

Ọmọ ilẹ̀ tí ọkùnrin ti ń gbé ère eégún Ẹ̀pà lérí, odindi igi gbígbẹ́, tó sì ń fò gun òkìtì! Ibẹ̀ ni inú bí mi sí wọn díẹ̀. Òsì tí wọ́n ti jáde ni Aréògún ti wá, ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà tó kú lọ́dún 1954, tó gbẹ́ ẹlẹ́ṣin àti ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ sára ilẹ̀kùn. Odò-Ọwá tó wà nítòsí ni Bámigbóyè ti wá, ẹni tí Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ fún àfihàn odindi kan lọ́dún 2022. Bọ̀dá kò tíì fi kọ́bọ̀ ra ìkòkò nílé rí. Ṣùgbọ́n wọ́n ra korobá kan létí kánáàlì, tí wọ́n kun òdòdó rósì àti ilé olódi sí lára bí àwọn ọlọ́kọ̀ ibẹ̀ ti máa ń ṣe, wọ́n gbé e sí pálọ̀. Wọ́n ní àwa ò mọyì àṣà. Korobá tí wọ́n búra pé àwọn kò ní gbé mọ́ nìyẹn o.

Àwọn tó ń lo kánáàlì níjọ́sí, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ìgbádùn ni. Lọ́dún 1761 ni ti Dúúkù Bridgewater, ọ̀tọ̀kùlú kan, bẹ̀rẹ̀ sí gbé èédú lọ sí Manchester. Ẹṣin kan á máa rìn létí omi, á máa fi okùn fa ọkọ̀ tó ru nǹkan bí 30 tọ́ọ̀nù. Nígbà tó yá, ọkọ, aya àti ọmọ ń gbé inú yàrá bíńtín ní ìdí ọkọ̀, àwọn ọmọ kò ráyè ilé-ìwé torí ọkọ̀ kì í dúró. Rélùwéè dé, ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìyà wọn náà ló di fàájì yìí. Ẹ fún wa ní 200 ọdún, àwọn Òyìnbó á máa wọ bàálù wá sí Òjótà, kí wọ́n lè sanwó ti mólúè.

Èyí tó wá ga jù ni pé kánáàlì wà ní Peckham tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣí i lọ́dún 1826, wọ́n dí i pa láàárín ọdún 1970 sí 1980. Ibi tí omi ọ̀hún parí sí ni ilé-ìkàwé Peckham wà, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ló sì gba ojú rẹ̀ lọ sí Burgess Park, níbi tí afárá kan ṣì dúró sí láìsí omi lábẹ́. Ọ̀nà yẹn ni Bọ̀dá ń gbà lọ ra iṣu. Wọ́n ti ń rìn lórí kánáàlì lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti délùú.

Bọ̀dá, a gbọ́ pé ẹ ń bọ̀ ní Kérésì. A ti tún yàrá yín ṣe. Kànga wà lẹ́yìn ilé, okùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ṣáláńgá ti Bàbá kò tíì wó. Iná lè wá, ó lè má wá. Ọkọ̀ Òmù-Àrán sí Òsì kò tíì ju máìlì 4 lọ ní ibi tó ti bàjẹ́ jù, bó bá sì dákú, awakọ̀ á fún yín láyè láti fi ìdí tì í. £500 ni fún ọ̀sẹ̀ kan, oúnjẹ wà nínú ẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé mìíràn tí ẹ bá fẹ́ dara pọ̀, yàrá méjì ló kù. Ìdajì owó la ń gbà sílẹ̀, a kì í sì í dá a padà.