Aṣọ Ti Ilé-iṣẹ́, Òógùn Ti Ọmọge

Ẹ sún mọ́ ibí, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ariwo ọjà. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 2022, Uruha Rushia ń ṣeré lórí YouTube lọ́hùn-ún ní Japan, ni àtẹ̀jíṣẹ́ tí ọkùnrin kan fi ránṣẹ́ sí i bá ṣàdédé yọ lójú kọ̀ǹpútà. Gbogbo òǹwòran rí i. Rushia kì í ṣe ènìyàn o. Àwòrán ni, ẹnìkan ló fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ tó ń yá a ní ohùn àti ìṣesí. VTuber ni wọ́n ń pe irú wọn. Síbẹ̀, àwọn ọkùnrin tó ti ń náwó fún àwòrán yìí bú sẹ́kún pé ó ní ẹlòmíràn nílé. Háà! Àgbà ọkùnrin, àwòrán já yín sílẹ̀! Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí Cover, ilé-iṣẹ́ tó ni àwòrán náà, fi lé e dànù. Wọ́n ní ó tú àṣírí iṣẹ́ fún ará ìta. Ẹni tó jẹ́ pé lọ́dún tó ṣáájú, òun lowó òǹwòran pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ jù lórí YouTube.

Ẹ fi ti ọkùnrin sílẹ̀ ná. Iṣẹ́ inú ilé ni kẹ́ ẹ bá mi wò. Eré la ń rí, a kì í rí ijó tí wọ́n ń kọ́ títí orúnkún fi ń ro wọ́n, a kì í rí yàrá tí ọmọge ti ń ka ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sínú ẹ̀rọ, kí ilé-iṣẹ́ lè rí nǹkan tà lọ́jọ́ ìbí rẹ̀. Kó tó gbá géèmù, àṣẹ. Kó tó kọ orin olórin, àṣẹ. Bí àṣẹ ò bá sì dé, òun náà ni yóò bọ́ síta wá máa bẹ òǹwòran, nítorí ìwé àdéhùn ò jẹ́ kó sọ pé ọ̀gá ló dá òun dúró. Nílé wa, agbo ilé ló ni ẹ̀kú bí ilé-iṣẹ́ ṣe ni àwòrán, ṣùgbọ́n bí eégún bá ṣubú, agbo ilé náà ló máa sáré gbé e wọlé.

Ẹ wá gbọ́ ti Selen Tatsuki, ọmọ Nijisanji, ẹgbẹ́ VTuber kan lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Anycolor. Nígbà Kérésìmesì 2023, ó gbé fídíò orin kan jáde tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán bá a ṣe. A ò tíì wò ó tẹ́rùn tó fi pòórá: wọ́n ní àṣẹ ò pé. Ìgbà tó yá la gbọ́ pé ilé ìwòsàn ni ọmọ wà. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì 2024, ilé-iṣẹ́ kéde pé àwọn ti lé e, wọ́n sì to ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni to igi ìdáná. Lọ́jọ́ kan náà, òun náà fi orúkọ àtijọ́ rẹ̀, Dokibird, sọ̀rọ̀ pé wọ́n fojú òun rí màbo níbẹ̀. Mi ò sí láàárín wọn, n kò ní dájọ́. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ yìí tún kọ̀wé sí àwọn tó ra ìpín wọn pé ìlọ rẹ̀ ò ní mú owó wọn dín tó nǹkan. Ọmọ tó ti ilé ìwòsàn dé! Ojú ò tì wọ́n?

Kò tán síbẹ̀. Kò pẹ́ tí mẹ́ta lára àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi jáde lórí YouTube wá rojọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ta ló tì wọ́n síwájú? Èmi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o.

Kí ẹ má sì rò pé Cover sàn jù. Ní oṣù kẹwàá 2024, àjọ ìjọba Japan tó ń mójú tó òwò bá wọn wí: àwọn alágbàṣe 23 tó ń ya àwòrán, tó sì ń ṣe ara àwòrán tí àwọn ọmọge yìí ń gbé wọ̀, ni Cover ní kí wọ́n tún iṣẹ́ ṣe ní ìgbà 243 láìgba kọ́bọ̀. Ṣìọ̀!

Gawr Gura náà, VTuber onírù ẹja ti Cover, ṣe bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún 2025. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin èèyàn tó ń tẹ̀lé e. Ìrù, orúkọ, aṣọ, gbogbo rẹ̀ ló kó sílẹ̀ fún Cover. Ọ̀pọ̀ irú wọn máa ń padà yọ pẹ̀lú àwòrán tuntun, ohùn kan náà, ẹ̀rín kan náà. Ṣùgbọ́n gbìyànjú kó o dárúkọ àtijọ́ níbẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ gan-an ló máa kọ́kọ́ ní kó o panu mọ́.