Ẹnu Mi àti Agbada Epo Gbígbóná

Ẹni tí Ọlọ́run bá fún ní ikùn ńlá, tí kò fún ní ẹnu tí kì í dákẹ́, ìyà díẹ̀ ni yóò jẹ láyé, nítorí pé yóò jẹ, yóò yó, yóò sì nu ọwọ́ rẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n ní tèmi, èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kí n tó fẹ̀yìn tì sí Ìkòròdú níbi tí wọ́n gbé bí mi, ó dá mi lójú pé ẹnu ni a kọ́kọ́ mọ kí a tó wá ìyókù ara tì í lẹ́yìn, nítorí pé oúnjẹ kì í dùn mọ́ mi àfi bí mo bá ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó jókòó tì mí, yálà ó bi mí ni tàbí kò bi mí. Àwọn àgbà ní ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní ń pa òrofó. Ní ti ọ̀ràn tí mo fẹ́ sọ yìí, ìdí agbada ni ẹnu tèmi ti pa mí, ojú àna mi ni ó sì ti ṣẹlẹ̀.

Kí ẹni tí kò mọ ilẹ̀ wa tó lè mọ bí ìgbéraga mi ti pọ̀ tó, ó yẹ kó mọ ohun tí mo ń fi ṣe é. Ẹni tó bá fi Ìkòròdú sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tó gba Ìmọ̀tà àti Ìtóìkin kọjá, tó sì forí lé Ẹ̀pẹ́, òórùn nǹkan díndín ni yóò máa sìn ín lọ láti ìlú dé ìlú: àkàrà níhìn-ín, dùńdú lọ́hùn-ún, ẹja tí wọ́n dín títí tí ìrù rẹ̀ fi ká kò, mósà fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jẹ, ṣùgbọ́n olórí gbogbo wọn ní ilẹ̀ tiwa àti ti Ìjẹ̀bú tó bí èdè wa ni ọ̀jọ̀jọ̀. Ewùrà ni wọ́n fi í ṣe. Ewùrà olómi nínú, a-wú-bí-ọba-má-ṣe-é-gún, ẹni tó gbé e sódó kò rí iyán gidi, ẹni tó rin ín ló rí adùn! Nítorí pé omi inú rẹ̀ kì í jẹ́ kó fà nínú odó bí iṣu tòótọ́ ti ń fà ni àwọn ìyá wa ṣe fi páànù tí wọ́n dá lu ní ihò wẹ́wẹ́ rin ín, tí wọ́n fi apá kan se ìkọ́kọrẹ́, tí wọ́n sì po apá kejì mọ́ ata, àlùbọ́sà àti iyọ̀, láìfi ẹ̀kán omi kan sí i, wọn a máa fi ìka já a díẹ̀díẹ̀ sínú epo tó ti gbóná dáadáa, títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi pọ́n, tí inú rẹ̀ yóò sì rọ̀. Mo tún un wí: láìfi ẹ̀kán omi kan sí i. Ìbá jẹ́ pé mo rántí ìlà yìí nígbà tó yẹ, n kì bá tí rí nǹkan kọ lónìí.

Ọjọ́ ìdána ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ọ̀ràn náà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi mí jókòó ti ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ ìyàwó, àgbàlagbà kan tó ti Adó-Èkìtì wá, ẹni tí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Nígbà tí àwọn tó ń gbé oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n gbé àwo pẹlẹbẹ kan kalẹ̀ tó kún fún ohun tí àwọn èwe ìsinsìnyí ń pè ní small chops, èyí tí kò sí òde àríyá kan mọ́ láti Èkó dé Ẹ̀pẹ́ tí wọn kì í ti fi ṣí ẹnu àlejò. Mo mọ pọ́fúpọ́fú inú rẹ̀ láti kékeré. Ẹran tí wọ́n fi igi gún kò ṣàjèjì sí mi. Ṣùgbọ́n sàmósà, ohun onígun mẹ́ta tó jókòó láàárín wọn, mo ti ń rí i lókèèrè láti ọjọ́ pípẹ́, n kò sì fi kan ẹnu rí, nítorí mo ti pinnu lọ́kàn ara mi pé oúnjẹ ọmọdé ni.

Bàbá Èkìtì gbé ọ̀kan, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó ní, “Àna mi, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ Èkó. Báwo ni wọ́n ṣe ń jẹ eléyìí?”

Ẹni tó ní làákàyè ìbá dáhùn pé òun kò mọ̀. Èmi wúkọ́, mo gbé etí agbádá mi sí èjìká, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí ro ọ̀rọ̀ náà bí ọ̀mọ̀wé: ohunkóhun tí a bá pọ́n, ohun tí a fi pọ́n ọn kì í ṣe jíjẹ; a pọ́n ẹ̀kọ, a kì í jẹ ewé ẹ̀kọ; a pọ́n mọ́ínmọ́ín, wèrè nìkan ní í jẹ ewé mọ́ínmọ́ín; a sì rí i gbangba pé wọ́n pọ́n sàmósà. Mo ní, “Bàbá, bíbó ni wọ́n ń bó o.”

Ni àwa àgbàlagbà méjì bá bẹ̀rẹ̀ sí bó sàmósà. Èéfín tú jáde nínú rẹ̀, ó jó mi ní àtàǹpàkò. Ẹran lílọ̀ àti ànàmọ́ tó wà nínú rẹ̀ ya lulẹ̀, apá kan sórí àwo, apá kan sórí agbádá lèésì tí mo yá owó rà. A fi ìka ṣa èyí tí a rí ṣà, a jẹ ẹ́, a sì to àwọn èèpo rẹ̀ jọ sí etí àwo pẹ̀lú ìmọ́tótó. Ọmọ kékeré kan tó dúró lẹ́yìn àga wa, tó ti ń wò wá láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ò ní jẹ èyí?” Kí n tó dáhùn, ó ti kó o, ó ń rún un wàràwàrà, ó sì ti nawọ́ pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ Bàbá Èkìtì fi ìborùn bo ẹnu. Bàbá fúnra rẹ̀ wo ọmọ náà pẹ́, ó wò mí, ó sì sọ ní pẹ̀lẹ́ pé, “Àna mi, ó dà bí ẹni pé ewé rẹ̀ ló dùn jù.”

Ìgbà tí ìtìjú bá mú ènìyàn tán, ìbínú ló máa ń kù fún un. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má bi mí léèrè oúnjẹ àjèjì mọ́. Mo ní èèpo lásán ni gbogbo rẹ̀. Mo ní àwa ará Ìkòròdú Ọ̀gà, ọmọ Elúkú, a ní ọ̀jọ̀jọ̀, ohun tó ti inú ilẹ̀ baba wa hù, tí kò bá ẹnikẹ́ni tan lẹ́yìn odi.

Ọmọbìnrin náà tẹ eékún rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa kó tó sọ̀rọ̀. N kò lè sọ pé ó rí mi fín. Ó ní òótọ́ ni pé ọ̀nà jíjìn ni sàmósà ti wá, pé àwọn ará Páṣíà ti ń jẹ ẹ́ láti ayébáyé, pé nígbà tí Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Mòrókò, dé ààfin ọba Delhi ní ilẹ̀ Íńdíà ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, ó rí i níbẹ̀ pẹ̀lú ẹran lílọ̀ àti álímọ́ńdì nínú rẹ̀. “Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, Bàbá,” ni ó wí, “ewùrà náà, ọ̀dọ̀ àwọn ará Éṣíà ló ti wá. Ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìn ín kó tó la òkun kọjá sọ́dọ̀ wa.”

Mo ní irọ́ ni. Mo ní ata ńkọ́? Ó ní Amẹ́ríkà ni ata ti wá, lẹ́yìn tí Columbus ti rékọjá lọ síbẹ̀ ní ọdún 1492. Mo ní àlùbọ́sà ńkọ́? Ó ní Éṣíà. Mo ní òróró ẹ̀pà tí a fi ń dín in ńkọ́? Ó ní ilẹ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ti gúúsù ni ẹ̀pà ti wá, àti pé bí ó bá jẹ́ epo pupa ni a fi dín in, òun ìbá gbà fún mi, nítorí pé igi ọ̀pẹ jẹ́ tiwa. Iyọ̀ nìkan ló kù sí mi lọ́wọ́ nínú gbogbo ogún baba mi, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé bí mo bá bèèrè iyọ̀, yóò dáhùn. Mo yára fi iyọ̀ sílẹ̀.

Ọmọ náà ní àánú lójú. Ó ní bí ó bá jẹ́ àkàrà ni mo fi yangàn, ẹnikẹ́ni kì bá tí bá mi jiyàn, nítorí pé Áfíríkà wa níhìn-ín ni ẹ̀wà àkàrà ti wá, pé àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé Bahia ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí àwọn obìnrin aláṣọ funfun ti ń fi epo pupa dín in tà ní ojú pópó títí di òní, tí ìjọba Brazil sì fi orúkọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn sínú ìwé ogún àjùmọ̀ní orílẹ̀-èdè wọn ní ọdún 2005. Àǹfààní rèé tí mo ì bá fi yọrí! Ẹnu mi ní kí n sọ pé, “Mo dúpẹ́, ọmọ mi, àkàrà ni mo ní lọ́kàn,” ṣùgbọ́n ohun tó jáde ni pé, “Ẹ wá sí ilé mi lọ́la. Ọwọ́ ara mi ni n ó fi dín ọ̀jọ̀jọ̀ fún yín.” Bàbá Èkìtì, tí iyán jẹ́ ẹ̀mí fún, ní nílé àwọn, ìgbà tí iṣu gidi bá tán ni ojú máa ń kan ewùrà, ṣùgbọ́n òun yóò wá wo bí a ti ń fi í ṣe fáàrí.

Ìyàwó mi ti lọ sí ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ láti ìdájí ọjọ́ kejì láti ra ọ̀bọ̀kún, n kò sì sọ nǹkankan fún un, nítorí mo mọ ohun tí yóò sọ. Èmi àti ọmọ-ọmọ mi ọkùnrin ni a jọ lọ sí Sábó. Obìnrin tó ń ta ewùrà bi mí bóyá fún ìkọ́kọrẹ́ ni tàbí fún díndín, kí òun lè bá mi yan èyí tó gbó. Mo ní kó fún mi ní èyí tó tóbi jù. Bí mo ti ń rin ín ni oje rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yún mi, láti ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Mo fi ọwọ́ náà họ ọrùn, ó di ti ọrùn. Mo fi nu òógùn iwájú, ó di ti iwájú. Nígbà tí mo rí i pé ohun tí mo rin ń fà, tó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, mo rò pé ó ti ki jù, mo sì ṣe ohun tí mo ti kìlọ̀ fún yín ní ìbẹ̀rẹ̀: mo bu omi sí i, mo rò ó, mo tún bu díẹ̀ sí i. Mo sì dà á sínú epo tí kò tíì gbóná. Gbogbo wa la máa ń pa á lówe pé àkàrà tú sépo. Èmi fi ojú mi rí i. Ó tàn káàkiri, ó rì, ó lẹ̀ mọ́ ìdí agbada, ìyókù ń léfòó káàkiri ojú epo.

Mo gbọ́ ohùn àwọn àlejò ní ìloro. Mo ti owó bébà ńlá kan sí ọmọ-ọmọ mi lọ́wọ́, mo ní kó gba ẹ̀yìnkùlé sáré lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ọlọ́jọ̀jọ̀ ní ìkóríta, kó má ṣe bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó lọ, ó bọ̀. Mo tú u sínú àwo tí a kì í gbé jáde àfi ọdún, mo sì gbé e síwájú wọn.

Bàbá Èkìtì jẹ ọ̀kan, ó dákẹ́. Ó jẹ òmíràn, ó mi orí. Ó ní, “Àna mi, ọwọ́ yín yìí mà dùn o.” Ìbá sàn kí n dúpẹ́ kí n sì jókòó, ṣùgbọ́n mo dìde dúró, mo ń họ ọrùn, mo sì ń kọ́ wọn ní bí wọ́n ti ń yan ewùrà tó gbó, bí wọ́n ti ń mọ epo tó gbóná, àti ìdí tí ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kò fi gbọ́dọ̀ fi omi sí i. Ọmọbìnrin náà ń kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀. Ibi omi yìí ni mo dé nígbà tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Bàbá Tíṣà, ṣéńjì yín rèé. Ọmọ yín ti sáré lọ kí n tó rí owó ṣẹ́.”

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Bàbá Èkìtì gbé èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì, ó wo obìnrin náà láti òkè délẹ̀, ó sì kí i bí wọ́n ti ń kí ìjòyè: “Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ ni ọwọ́ yìí?” Obìnrin náà kò tíì mọ ohun tó ń lọ, ọrùn mi tí mo ń họ ló ń wò. Ó ní, “Yéè, ewùrà ló ń jẹ yín yìí. Ẹ wá epo pupa fi pa á.” Ó kọjá lọ sí ilé ìdáná láti bá mi wá epo, mo sì tẹ̀ lé e, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó padà, ṣùgbọ́n àwọn àlejò ti dìde tẹ̀ lé wa. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí abọ́ ńlá náà, ó fi ìka kan kàn án, ó gbé ìka náà sókè, omi sì ń kán.

“Ta ló bu omi sínú ewùrà?”

Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ọmọ-ọmọ mi ni mo tọ́ka sí.

Ọmọ náà lanu. “Bàbá àgbà, èmi kọ́! Ẹ̀yin ni, ẹ sì tún ní kí n má sọ.”

Àkókò náà gan-an ni ìyàwó mi ti Ẹ̀pẹ́ wọlé, tòun ti agbọ̀n ẹja lórí, ó kí àna rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ tán, ó sì bèèrè ẹni tó gbé agbada òun ka iná tó sì gbàgbé rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó dáhùn, àyàfi pé ọmọ náà tún nawọ́ sí mi.