Ọ̀nà Ọgbọ̀n Ti Là

Àwọn àgbà ní àjẹìsan ogún ní ń ṣẹ́gi dínà ọgbọ̀n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jí dìde tí wọ́n gba Sábó kọjá lónìí, ní Ilé-Ifẹ̀ Oòyè, ibi tí ojúmọ́ ti ń mọ́ wá sáyé, wọn yóò rí i pé a ti wọ́ igi náà kúrò lójú ọ̀nà, nítorí ẹni tí ó jẹ ogún tí kò rí i san gan-an ni àwọn ayánilówó orí fóònù ń bẹ̀ pé kí ó wá gba ọgbọ̀n.

Ẹ wo ìyá aláta kan nídìí àpò tàtàṣé tí ó gbà láwìn. Fóònù rẹ̀ gbọ̀n. Ó yọjú wò ó, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì ń bá oníbàárà rẹ́rìn-ín lọ. Owó ọlọ́jọ́ méje tí ó yá ti pé, ó ti yá òmíràn láti fi dí i, ó sì ń wá ẹ̀kẹta tí yóò fi dí ihò èkejì.

Láyé ọjọ́un, ológò ni wọn ì bá rán sí i. Samuel Johnson ròyìn ológò nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó jáde ní 1921: ẹlẹ́nu-bí-abẹ tí í jókòó ti onígbèsè nínú ilé, tí í bú u láàárọ̀ lálẹ́, tí í sì pa adìẹ tí ó bá rí jẹ, ṣùgbọ́n tí kò gbọdọ̀ mú ohunkóhun kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a yin ọ̀gbẹ́ni náà díẹ̀. Ti òde òní kì í jẹ adìẹ, orúkọ ní ń jẹ. Gbogbo nọ́ńbà inú fóònù onígbèsè ni ó ti kó lọ, tí ó fi ń ránṣẹ́ sí àna àti pásítọ̀ pé olè ni, bẹ́ẹ̀ ikú yá ju ẹ̀sín. Irú ìwà yìí ló mú kí NITDA, àjọ ìjọba tí ń mójú tó ìmọ̀-ẹ̀rọ, bu ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé-iṣẹ́ ayánilówó Soko Lending ní 2021, tí FCCPC, àjọ ìjọba tí ń dáàbò bo oníbàárà, sì pàṣẹ ní 2022 pé kí irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ wá forúkọ sílẹ̀.

Ìyá wa ti rí wòlíì, ó ti rí ááfà, ó ti ra ọṣẹ àwúre, kò sì sí ọ̀kan tí ó ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ rẹ̀ wá ní kí ó lọ rí olùṣirò-owó tàbí amòfin, tí yóò tú ìwé ọjà rẹ̀ wò, tí yóò ya ojú owó sọ́tọ̀ kúrò lára èlé, tí yóò sì bá àwọn olówó náà sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n jọ fohùn ṣọ̀kan lórí iye tí apá rẹ̀ ká láti máa san.

"Ọmọ mi," ni ìyá wí, "ṣé kí n tún wá sanwó fún ẹni tí yóò sọ fún mi pé mo jẹ gbèsè ni?"