Lẹ́tà sí Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Orí Afárá Brooklyn: Àbúrò, Ṣé O Ò Lè Sún Díẹ̀?

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá Àgbà tó gbé ọ pọ̀n ńkọ́, ṣé ara wọn le? A gbọ́dọ̀ béèrè wọn, nítorí láti 1883 ni wọ́n ti ń gbé ará Brooklyn lọ sí Manhattan, tí wọ́n sì ń gbé wọn padà bọ̀. Afẹ́fẹ́ orí omi ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá a ka lẹ́tà yìí, ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni, àmọ́ kò sí nǹkan àṣírí níbẹ̀.

Kí n tó ro ẹjọ́, mo ní láti dúpẹ́ oore àná, kí n lè rí òmíràn gbà. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án 2021 tí Bill de Blasio, olórí ìlú New York nígbà náà, wá ṣí ọ, inú wa dùn débi pé a gbàgbé láti wọ̀n ọ́ wò. O mọ ibi tí o ti bá wa. Orí pákó tó wà lókè ojú ọ̀nà mọ́tò ni wọ́n kó gbogbo wa sí, ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́, ìlà ọ̀dà kan ṣoṣo ló là wá láàrin. Àwọn àlejò tó wá wo afárá kì í rí ìlà. Òpó òkúta gàgàrà méjì nì ni wọ́n ń wò. Ẹnì kan á máa fà sẹ́yìn kí fọ́tò lè gba orí òun àti orí òpó pọ̀, títí ìdí rẹ̀ á fi kan táyà mi. Mo tẹ agogo, ó yíjú, ó rẹ́rìn-ín, ó na fóònù sí mi pé kí n bá àwọn yà á.

Ìwọ lo yọ wá níbẹ̀. Wọ́n gba ojú ọ̀nà kan lọ́wọ́ àwọn onímọ́tò, wọ́n to kọnkéré tì í, wọ́n ní tiwa ni. Láti 1950 tí wọ́n ti hú irin ọkọ̀ trolley kúrò níbẹ̀, kò sẹ́ni tó tún ojú afárá náà pín títí o fi dé. O ṣeun. Ọlọ́run á dá ọ sí fún wa. Ó tó báyìí. Jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀.

Àkọ́kọ́ ni pé o tín-ín-rín. Ẹsẹ̀ bàtà 8 ni gbogbo ìbú rẹ, àlọ àti àbọ̀ lápapọ̀. Bí a bá pín in dọ́gba, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi nìkan sì ti jẹ bíi méjì nínú rẹ̀ kí èmi alára tó na ìgúnpá. Kọnkéré àti wáyà rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, irin afárá rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Bí ẹnì kan bá wá fẹ́ ya ẹni iwájú rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó di ọ̀rọ̀ àwọn tó gbé àwo jọ̀lọ́ọ̀fù pàdé lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì níbi òde: ẹnì kan ní láti dúró, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ dúró.

Wo ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ lọ fún oníbàárà lálẹ́ ìgbà òtútù. Àpò onígun mẹ́rin wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ga ju orí rẹ̀ lọ. Ìbọ̀wọ́ ńlá méjì tí wọ́n so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ti gbé ọwọ́ rẹ̀ mì. Fóònù tó fi ọ̀rá wé ń tàn níwájú rẹ̀, ó ń rán an létí pé ó ti pẹ́. Òun ń sọ̀ kalẹ̀, èmi ń pọ́n òkè. A ò bú ara wa. A kàn fa ìgúnpá mọ́ra, a sé èémí, àpò rẹ̀ họ wáyà rẹ gààràgà kọjá. Ó ní pẹ̀lẹ́, mo ní pẹ̀lẹ́ o. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi nínú àwa méjèèjì. Ìwọ lo jẹ̀bi.

Ìtàn ìdílé yín ló sì dunni jù. Ní oṣù Karùn-ún 1884, P. T. Barnum kó erin 21 gba orí Ìyá Àgbà kọjá kí ará ìlú lè gbà pé afárá náà kò ní já. Erin mọ́kànlélógún! Lónìí, bí ọ̀kan péré nínú wọn bá kọrí sínú rẹ, àfi ká pe panápaná kí wọ́n wá yọ ọ́. Ìdílé tó ti gba àjànàkú lálejò ló wá ń ṣahun ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó wà ní Prospect Park West, náà kò fẹ̀ lọ títí, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé kóòtù ní 2011, ó di 2016 kí àwọn tó pẹjọ́ tó jáwọ́. Síbẹ̀, ó ní etí tí wọ́n fi ọ̀dà fà, tí èèyàn lè yà sí bí nǹkan bá dé. Níbo ni ká yà sí lọ́dọ̀ tìrẹ? Inú omi?

Ẹ̀kejì, àwọn tí ò ń bá kẹ́gbẹ́. Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì, mi ò bá a jà. Òfin ìpínlẹ̀ ti fọwọ́ sí i láti 2020, oúnjẹ òòjọ́ sì ni ọ̀pọ̀ ń fi í wá. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà elépo? Òfin kò gbà á lójú ọ̀nà kẹ̀kẹ́, ìwọ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2022 ni Èkó lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Ó jọ pé ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n sá wá. Mo máa ń gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn mi, kò sì síbi tí mo lè gbé ara mi gbà.

Ti ìran wíwò, mi ò ní fà á gùn. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ tó wà lókè ń wo odò àti ọ̀run; àwa ń wo wáyà, a sì ń gbọ́ orin inú ọkọ̀ ẹlòmíràn. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ la ń lọ.

Àwa tí à ń gùn ọ́ pàápàá kò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ. Àwọn tó máa ń wọ ṣòkòtò amúra sọ pé Afárá Manhattan tẹ́ àwọn lọ́rùn jù ọ́ lọ, nítorí eré ni wọ́n fẹ́ sá. Ìyá tó kó ọmọ méjì sínú àpótí iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ aburú nípa kọnkéré rẹ, kìkì pé ó ń bẹ̀rù ẹni tó ń bọ̀ níwájú. Àwọn kan wà tí wọn kì bá tí gun kẹ̀kẹ́ kọjá odò yẹn láéláé. Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ pé mọ́tò kò lè kan àwọn mọ́ ni wọ́n lọ fẹ́ táyà. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti mú ọ. Ó jọ pé iye àwa tó láyà láti gba àárín àwọn aya-fọ́tò kọjá ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n rẹ. Ìwọ lo wá sọ wá di púpọ̀, o sì ń wò wá níran bíi pé o ò pe ẹnikẹ́ni.

Ojú ọ̀nà mẹ́fà ni mọ́tò ní lórí afárá yẹn kí o tó dé. Ọ̀kan lo gbà; márùn-ún ṣẹ́kù fún wọn, méjì nínú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ tí ń lọ sí Manhattan. Ọkọ̀ akẹ́rù kì í sì í gba ibẹ̀, ká máà wá sọ pé ẹrù ìlú ló máa há. Ìyẹn ni pé ẹni tó dá jókòó sínú ọkọ̀ alága márùn-ún là ń fi ojú ọ̀nà pamọ́ fún. Bẹ aládùúgbò rẹ, ojú ọ̀nà mọ́tò yẹn, kó sún díẹ̀. Bí kò bá gbà, bẹ àwọn tó ni yín.

Bí wọ́n bá sì tún gbé téèpù dé láti wá wọ̀n ọ́, má ṣe fún ara pọ̀ bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ níwájú tíṣà. Fẹ ìdí jókòó. Mo ń bọ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè, bá mi sọ fún ọlọ́kadà yẹn kó gba ibòmíràn.

Èmi ni tìrẹ,
Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ kan láti Flatbush