Sí Fọ́ọ̀mù APER, Ẹ̀gbọ́n Wa Tó Mọ Ìṣirò

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

A tún rí yín, ẹ̀yin fọ́ọ̀mù tí à ń kọ lọ́dọọdún kí wọ́n fi díwọ̀n iṣẹ́ wa fún ìgbéga. Ẹ̀yin kì í pẹ́ dé bí owó oṣù wa. Kò sí olùkọ́ yunifásítì ìjọba ní Nàìjíríà tí kò mọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n bá yín wí lójú gbogbo wọn, torí bí mo bá sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, inú fáìlì ló máa kú sí.

Ẹ̀sùn kìíní: ẹ fẹ́ràn iye jù. "Pépà mélòó?" Ẹ kì í bèèrè ohun tí pépà sọ. Àwa náà gbọ́n: ìwádìí kan ṣoṣo, a gé e sí mẹ́ta, ẹni tí ìgbéga bá ń kán lójú, a sanwó fún jọ́nà tó ń gba iṣẹ́ láàárọ̀, tó ń gbé e jáde lálẹ́. Láti San Francisco lọ́dún 2012 ni ìkéde DORA ti wá, pé ohun tó wà nínú iṣẹ́ ni ká fi díwọ̀n olùwádìí, kì í ṣe orúkọ jọ́nà. Ṣé kò tíì kàn yín lára ni? Bóyá òun àti owó àjẹsílẹ̀ wa jọ wà lọ́nà.

Ẹ̀sùn kejì: ẹ mọ ohun tí mo ṣe, ẹ ò mọ ohun tí mo fi ṣe é. Iná lọ lọ́jọ́ Jímọ̀, kò dé títí di ọjọ́ Ajé, gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí mo kó sí firíìjì láàbù fún àyẹ̀wò bàjẹ́. Ibo ni kí n kọ ìyẹn sí lára yín?

Ẹ̀sùn kẹta: ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ yunifásítì, lọ́dún 2022 gba oṣù mẹ́jọ. Ìjọba ní ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò ní gbowó. A wọlé tán, ẹ ní pépà ọdún náà dà!

Ẹ̀sùn kẹrin: láti 2011 ni TETFund, àjọ ìjọba tó ń fi owó ran ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, ti wà, owó ìwádìí wà níbẹ̀. Ta ló kọ́ ọ̀dọ́ olùkọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé tí wọ́n fi ń tọrọ rẹ̀? Kíláàsì tó kún dé ẹnu ọ̀nà ni ẹ kó lé e lórí, ẹ tún ní kó máa bójú tó ìdánwò. Ọ̀pọ̀ àgbà tí ì bá kọ́ ọ ti já pa lọ sí Kánádà.

Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ fi ojú ìwé kan kún ara yín, kí yunifásítì fúnra rẹ̀ máa kọ èsì síbẹ̀: Wákàtí mélòó lẹ fún olùkọ́ yìí láti ṣèwádìí? Àgbà wo lẹ fà á lé lọ́wọ́? Iná ńkọ́? Kí Rẹ́jísírà fọwọ́ sí i, kó sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ rẹpẹtẹ, bí ẹ ṣe ń gbà á lọ́wọ́ mi. Kó má pẹ́ o. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ẹni tó bá pẹ́, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tí ẹ ń ka iṣẹ́ rẹ̀, tí ẹ ò ka òun fúnra rẹ̀ sí.