Ẹ Bá Wa Bẹ Ọ̀gá

Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀gá fi kún owó oṣù òun ní Èkó yìí kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ dárúkọ owó. Kó kí ọ̀gá kú iṣẹ́, kó béèrè àlàáfíà màdáámù, kó yin jíìpù tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé. Kó má wulẹ̀ yìn ín jù ṣá o, torí inú jíìpù yẹn ni àfikún tó ń wá wà.

Ọ̀gá á kúkú ti rí i lójú rẹ̀. Kó tó la ẹnu, wọ́n á ti mí kanlẹ̀: dísẹ́ẹ̀lì ti wọ́n, dọ́là ti fò sókè, àwọn oníbàárà ò sanwó. Ọjà kan náà ni ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ jọ ń ná, ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá ké, ìṣòro ni. Bí òṣìṣẹ́ bá ké, àìmoore ni. Wọ́n á ní ṣé ó mọ iye ọmọ tó jáde yunifásítì tó ń wá irú iṣẹ́ tó ń fojú di yìí? Bí ọ̀gá bá wá jẹ́ ẹni Ọlọ́run, wọ́n á gbàdúrà fún un, òun náà á sì ṣe àmín. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé kọ́ńdọ́ ọkọ̀ Ọ̀ṣòdì kì í gba àmín.

Àwọn ọ̀gá aláàánú máa ń fúnni lóyè. Akọ̀wé á di máníjà àgbà. Oyè dé, káàdì dé, iṣẹ́ di ìlọ́po méjì, owó ò kúrò lójú kan.

Ṣebí òfin wà? Ó wà. Lóṣù Keje ọdún 2024 ni Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu ₦70,000 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù, láti orí ₦30,000 ọdún 2019. ₦615,000 ni àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ pè é, wọ́n ń já a wálẹ̀ bí ẹni ń ná iṣu ní Bódìjà. Òfin náà ò sì de iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò bá tó 25. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀gá kan fi ní òṣìṣẹ́ 24 géérégé. Àwọn yòókù tẹ́ ẹ ń rí níbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, àbúrò màdáámù ni wọ́n, wọ́n kàn wá ranni lọ́wọ́ ni.

Ẹ wá wo bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe tiwọn. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2025, àjọ RMAFC, tó ń pinnu owó oṣù àwọn olóṣèlú, fúnra rẹ̀ jáde, ó ní ₦1,500,000 tí Ààrẹ ń gbà lóṣù ti kéré jù, pé láti 2008 ni iye náà ti wà lójú kan. Ààrẹ ò kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni. Kò yin jíìpù ẹnì kankan.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wọlé tọ ọ̀gá lọ lọ́jọ́ Ajé, ẹ má dá nìkan lọ. Ẹ kó ara yín wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan àwọn àbúrò màdáámù, kí ọ̀gá fẹnu ara wọn kà yín.